Kì í Ṣe Omi Nìkan: Ebi Ń Pa Ilẹ̀ Tí Ẹ̀wà Ikotun Ti Ń Wá

Ẹni tó bá wọ ọjà Ikotun ní àárọ̀, kò ní pẹ́ kó tó dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀wà. Ẹ̀wà olóyin wà nínú àpò tí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀wà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkà bàbà àti jéró tí wọ́n fi ń ṣe ògì àti kúnú wà nínú ọpọ́n, kóńgò sì wà lórí gbogbo wọn. Bí owó kóńgò kan bá ti lọ sókè, tí oníbàárà sì fajú ro, èsì kan náà ló sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ọlọ́jà: òjò kò rọ̀ dáadáa ní Òkè Ọya. Oníbàárà yóò mi orí, yóò sanwó, yóò sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ sí Egbeda tàbí Igando. Ta ni yóò bá òjò jiyàn?

Èsì yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi oko àyẹ̀wò ṣe àlàyé pé, ní apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ̀wà, jéró àti màlúù wa ti ń wá, òjò kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó wọ́n. Ebi ló ń pa ilẹ̀ náà kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́.

Ọ̀dá tó gbé ìbéèrè dìde

Àwọn àgbà yóò rántí ọ̀dá ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, tó sì wá burú jáì ní 1972 àti 1973. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Nàìjíríà nígbà náà ni. Ní gbogbo ẹ̀bá aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Senegal títí dé Chad, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Sàhẹ́lì, òjò kọ̀ kò rọ̀, koríko kò hù, màlúù ń kú lọ bí ẹṣin, àwọn darandaran àti àwọn àgbẹ̀ sì ń kó ẹrù wọn lọ sí ìhà gúúsù. Ilẹ̀ Nàìjíríà náà ní ìpín tirẹ̀ nínú Sàhẹ́lì yìí, ní òkè Sokoto, Katsina, Jigawa, Yobe àti Borno. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ náà kàn jùlọ dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CILSS, wọ́n sì fi ibùjókòó rẹ̀ sí Ouagadougou.

Omi ni ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo ìjọba. Ní Nàìjíríà, wọ́n parí ìsédò Tiga nítòsí Kano ní 1974. Wọ́n ti dá àjọ odò Sokoto-Rima àti ti Chad sílẹ̀ ní 1973, nígbà tó sì di 1976, àjọ odò ti di mọ́kànlá káàkiri orílẹ̀-èdè, ti Ògùn àti Ọ̀ṣun náà wà nínú wọn. Ní gúúsù Adágún Chad, wọ́n ṣètò láti bomi rin hẹ́kítà 67,000. Adágún náà fúnra rẹ̀ ló sá fún wọn: nígbà tí ọ̀dá tún dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, omi fà sẹ́yìn jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fà á, oko sì ń wo odò gbẹ́kẹ́gbẹ́kẹ́ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó yẹ kó dá àwọn ìjọba wọ̀nyẹn lẹ́bi pátápátá. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, omi ni a ń wá fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló dúró bi ara wọn pé: bí omi bá tilẹ̀ wà, ṣé ilẹ̀ yìí ní ohun tí yóò fi bọ́ irúgbìn?

Ìpín mẹ́rin lórí pápá kan

Àwọn tó bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn wà ní orílẹ̀-èdè Mali. Ní 1976, Mali àti Netherlands, ìyẹn ilẹ̀ Hóláńdì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan pọ̀ lórí koríko Sàhẹ́lì, wọ́n sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ní agbègbè Niono. Àwọn ará Hóláńdì náà wá láti Wageningen, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n C. T. de Wit ti ń kọ́ni nípa bí irúgbìn ṣe ń lo omi àti oúnjẹ ilẹ̀. Wọ́n ti bá àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní àríwá aṣálẹ̀ Negev, nítorí náà wọn kì í ṣe àlejò sí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe irú àyẹ̀wò yìí kò lè ṣòro fún àgbẹ̀ kankan láti lóye. Wọn yóò mú pápá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, wọn yóò gé e sí ìpín kéékèèké. Ìpín kan wà tí wọn kò ní fún ní ohunkóhun; èyí tí Ọlọ́run bá rọ̀ lé e lórí ni tirẹ̀. Wọn yóò bomi rin ìkejì kún òjò tó ń gbà. Wọn kò ní bomi rin ìkẹta, ṣùgbọ́n wọn yóò fọ́n ajílẹ̀ òyìnbó tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní fatiláísà sí i. Ìkẹrin yóò gba omi, yóò sì gba ajílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan kàn ń nàka sí ibi tó wù ú pé, èyí ni kí ẹ bomi rin. Gègé ni wọ́n ń ṣẹ́, nítorí ọwọ́ ọmọ aráyé a máa fún ohun tó fẹ́ràn ní ilẹ̀ tó dára láì mọ̀. Wọn yóò sì tún ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ṣe ní ibi púpọ̀, kó má baà jẹ́ pé òkìtì ikán kan tàbí gbòǹgbò igi kan ló tan wọ́n jẹ. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọn yóò gé koríko inú ìpín kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sá a gbẹ, wọn yóò sì gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ìpín tí wọn kò fún ní nǹkan kan yẹn ni àlejò máa ń wò bí ìfiṣòfò. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ẹlẹ́rìí. Láìsí i, kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ló ṣiṣẹ́ ni tàbí pé ọdún náà kàn dára.

Ìwé tí F. W. T. Penning de Vries àti M. A. Djitèye kó jọ láti inú iṣẹ́ náà jáde ní 1982. Ohun tó sọ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní òkè pátápátá, níbi tí òjò ọdún kan kò ti tó nǹkan bíi 250 sí 300 mìlímítà, omi ni olórí àìní lóòótọ́. Bí ènìyàn da àpò ajílẹ̀ mẹ́wàá síbẹ̀, koríko kò ní fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, àìtó náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́sì nínú ilẹ̀ ló ń dí koríko lọ́wọ́ ju àìtó òjò lọ. Ajílẹ̀ láìsí omi àfikún ń mú koríko pọ̀ ju omi àfikún láìsí ajílẹ̀ lọ. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé ni èso tó ga jùlọ ti ń jáde. Kí ẹni tó ń gbé Alimosho lè mọ bí òjò yẹn ṣe kéré tó: òjò tó ń rọ̀ ní Èkó láàrin ọdún kan a máa tó 1,500 mìlímítà, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò tó nǹkan yóò ṣe tún máa fi omi ṣòfò? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé koríko tí ebi ń pa kì í ní gbòǹgbò gidi, ewé rẹ̀ kì í sì í tètè bo ilẹ̀. Oòrùn yóò fa apá kan nínú omi náà lọ láti ojú ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀. Apá kan yóò ṣàn lọ sínú ọ̀gbun. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti jẹ́ yanrìn, apá kan yóò rì kọjá ibi tí gbòǹgbò lè dé. Omi wà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mu ún kò lókun láti dìde lọ pọn ọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ èyí kò nílò láti lọ sí Mali. Kó lọ bá àwọn tó ń gbin ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí etí odò àti àkùrọ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí ní Èkó. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lè fi kẹ́ẹ̀nì bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá da ìgbẹ́ adìẹ sí ilẹ̀ oníyanrìn yẹn, ewé yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi rẹ̀ yóò sì rán bí okùn. Wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ìdí tí màlúù fi ń lọ sókè nígbà òjò

Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ Niono mú jáde, ọ̀kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa Fúlàní àti màlúù gbọ́. Henk Breman àti de Wit kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Science ní 1983. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí darandaran, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, fi máa ń fi gúúsù tí koríko ti ga tó ènìyàn sílẹ̀, tí yóò sì da ẹran rẹ̀ lọ sí ẹnu aṣálẹ̀ níbi tí koríko kò ti ju kókósẹ̀ lọ. Àwọn kan ní àṣà lásán ni. Àwọn mìíràn ní irù ló ń lé wọn.

Òótọ́ ni pé irù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n fi ohun mìíràn hàn. Ní òkè, omi ló ń tètè tán, koríko á sì gbẹ nígbà tí oúnjẹ ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kéré, àmọ́ ó ní èròjà amáraró tó ń mú ara màlúù le tó sì ń mú wàrà wá. Ní gúúsù, òjò ń bá a lọ, koríko ń ga sí i, ṣùgbọ́n náítírójìn ìwọ̀nba tó wà nínú ilẹ̀ ló ń pín fún gbogbo gíga yẹn. Ó dà bí ìyàwó ilé tó bu omi sí ọbẹ̀ kan ṣoṣo kí ó lè kárí ogún ènìyàn. Màlúù yóò jẹ ẹ́ yó, yóò sì máa rù. Darandaran tí kò lọ ilé ìwé kankan ti mọ èyí láti ọ̀dọ̀ baba rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkó tààrà. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí òfin tó ka dída ẹran jẹko kiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní gúúsù náà sì ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bóyá ènìyàn fara mọ́ òfin náà tàbí kò fara mọ́ ọn, ìṣirò kan wà tí kò ṣeé sá fún: bí màlúù kò bá ní lọ bá koríko níbi tó ti ní oúnjẹ nínú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbin koríko tó ní oúnjẹ nínú fún un. Ìyẹn gba ajílẹ̀, ó gba owó, owó náà yóò sì hàn lórí pátákó alápatà.

Ìdérí ìgò kan fún ihò kan

Bí ilẹ̀ bá ń ké ebi, ṣé kí á wá máa da ajílẹ̀ lé e lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù ni? Àgbẹ̀ Sàhẹ́lì kò ní owó rẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà á, ẹ̀rù náà sì tọ́. Bó bá yá owó ra àpò mẹ́ta, tí òjò wá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbèsè ni yóò kórè.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí ICRISAT, tí olú ilé rẹ̀ wà nítòsí Hyderabad ní ilẹ̀ Íńdíà, ló ṣí ẹ̀ka kan sí Sadoré ní 1981, ní nǹkan bíi kìlómítà 45 sí Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Yanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, fọ́sífọ́rọ́sì inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan rárá. Àwọn onímọ̀ níbẹ̀ wọn òjò, wọ́n wọn omi tó ń rì lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú òjò ló ń kọjá lọ lábẹ́ gbòǹgbò jéró láìṣe é láǹfààní. Nígbà tí wọ́n fi ajílẹ̀ díẹ̀ sí i, omi kan náà yẹn mú ọkà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.

Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti rí ọgbọ́n kan tó ti tàn ká Niger, Mali àti Burkina Faso. Dípò kí àgbẹ̀ fọ́n fatiláísà káàkiri oko, ìdí irúgbìn gan-an ni yóò fi í sí, nínú ihò kan náà. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ohun tí ìka mẹ́ta lè mú tàbí ohun tó kún ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìyẹn nǹkan bíi gírámù 6 bó bá jẹ́ irú fatiláísà tí wọ́n ń pè ní 15-15-15. Gbòǹgbò kékeré yóò rí oúnjẹ jẹ kí ó tó rìn jìnnà, yóò sì tètè wọlẹ̀ lọ bá omi kí òjò tó dá. Nínú oko àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti dán an wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta yìí, èso jéró àti ọkà bàbà lé sí i láti 44 sí 120 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí òjò bá sì já a kulẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àgbẹ̀ pàdánù.

Ní Niger, wọ́n fi ètò owó kan kún un. Àgbẹ̀ yóò kó apá kan nínú ọkà rẹ̀ sí àká tí wọ́n tì pa nígbà ìkórè tí ọjà kò lówó lórí, yóò fi ṣe ìdúró láti yá owó, yóò sì tà á lẹ́yìn oṣù mélòó kan nígbà tí owó ọkà bá ti gòkè. Èyí lè ti ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ju ajílẹ̀ náà lọ, nítorí kò sí ohun tó ń pa àgbẹ̀ bíi kó ta oko ní ọjọ́ ìkórè.

Ihò tó ń gba omi, tó sì ń gba oúnjẹ

Kí àwọn onímọ̀ tó dé ni àwọn ará Burkina Faso ti ní ọgbọ́n tiwọn tó so omi àti oúnjẹ ilẹ̀ pọ̀. Wọ́n ń pè é ní zaï ní Yatenga. Àwọn Hausa ilẹ̀ Niger ń pe irú rẹ̀ ní tassa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ ṣì le bí òkúta, àgbẹ̀ yóò gbẹ́ ihò kéékèèké tó fẹ̀ tó abọ́ oúnjẹ, yóò bu ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀, yóò sì dúró de òjò. Ìgbẹ́ náà ń pe ikán, ikán tí gbogbo wa mọ̀ sí ọ̀tá ilé sì ń gbẹ́ ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú ilẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ yóò dúró sínú ihò dípò kó ṣàn lọ.

Ọkùnrin kan láti abúlé Gourga, Yacouba Sawadogo, ló sọ zaï di ohun tí ayé mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣí kúrò, ó dúró, ó mú ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i, ó sì jin ín. Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yá, ilẹ̀ tó ti kú yẹn so ọkà, ó sì tún di igbó tí igi lóríṣiríṣi wà nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, ó sì dágbére fáyé ní oṣù kejìlá 2023.

Dougbedji Fatondji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi zaï sí abẹ́ àyẹ̀wò ní Niger, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 sì bá ti Niono mu. Ihò lásán tí kò sí ìgbẹ́ nínú rẹ̀ kò mú ọkà tó nǹkan wá, bó tilẹ̀ gba omi. Ihò kan náà tó ní ìgbẹ́ màlúù mú èso tó fi ìlọ́po púpọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ láti Samaru

Nàìjíríà kò ṣe aláìní irú oko àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní Samaru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zaria, oko kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1950, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, níbi tí wọ́n ti ń wo ohun tí ìgbẹ́ màlúù, náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́sì àti pòtásíọ̀mù ń ṣe sí ilẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Òjò Samaru pọ̀ ju ti Sàhẹ́lì lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wúlò fún gbogbo Òkè Ọya. Irú ajílẹ̀ náítírójìn tí wọ́n ń lò nígbà náà, bó bá dá wà láìsí ìgbẹ́ màlúù, ń sọ ilẹ̀ di kíkan. Irúgbìn tó kọ́kọ́ dára á wá máa rẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ti fi ìgbẹ́ kún un ni ilẹ̀ ti lè fara dà á.

Àwọn òyìnbó náà ti rí tiwọn. Ní Rothamsted, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oko àyẹ̀wò kan wà tó ti wà láti 1843 tí wọn kò tíì pa á tì. Láti nǹkan bíi 2007, àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti para pọ̀ fi ajílẹ̀ kan náà sí ìpín kan náà lórí pápá koríko káàkiri ayé, wọ́n sì rí i pé bí a bá ṣe ń fi oríṣi oúnjẹ kún ilẹ̀ tó ni koríko ń pọ̀ tó, ṣùgbọ́n irú ewéko tó ń wà níbẹ̀ ń dín kù. Koríko alágbára a máa gbilẹ̀, a sì máa pa àwọn yòókù. Oko ọkà kò ní wàhálà pẹ̀lú ìyẹn. Pápá ìjẹko tí darandaran ti ń wá ewé oògùn àti ẹ̀wà igbó fún ẹran rẹ̀ ní wàhálà.

Láyé àtijọ́, ìsinmi ni Sàhẹ́lì fi ń bọ́ ilẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa náà ṣe ń fi oko tó bá ti ṣá sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àgbẹ̀ tún ń jẹ́ kí Fúlàní sun orí oko rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kí màlúù jẹ pòròpórò, kó sì fi ìgbẹ́ sílẹ̀. Ènìyàn ti pọ̀ báyìí, ilẹ̀ kò rí ìsinmi mọ́, ìjà ti ba àdéhùn àárín àgbẹ̀ àti darandaran jẹ́ ní ibi púpọ̀, ìgbẹ́ náà sì bá a lọ.

Ajílẹ̀ ti ń jáde ní Èkó

Ní oṣù kẹfà 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Abuja. Àgbẹ̀ Áfíríkà, yàtọ̀ sí ti àríwá pátápátá, kò lo ju nǹkan bíi kílógírámù 8 ajílẹ̀ lórí hẹ́kítà kan nígbà náà. Wọ́n pinnu pé kó di 50 nígbà tó bá fi máa di 2015. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún pàdé ní Nairobi ní oṣù karùn-ún 2024, wọ́n sì tún fọwọ́ sí ètò ọdún mẹ́wàá mìíràn, èyí tó dára díẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlera ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti àpò fatiláísà nìkan.

Láàrin méjèèjì, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù kẹta 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ibeju-Lekki, tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 3 yúríà lọ́dún kan. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n náítírójìn nìkan ló wà nínú yúríà. Fọ́sífọ́rọ́sì tí yanrìn Sàhẹ́lì ń ké fún jùlọ kì í wá láti inú gáàsì, inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á. Òkúta rẹ̀ wà ní Sokoto, ó wà ní Togo tí wọ́n ti ń wà á tipẹ́, ó wà ní Tahoua ní ilẹ̀ Niger, ó sì pọ̀ jùlọ ní Morocco, níbi tí ìjọba Nàìjíríà ti ṣe àdéhùn ní ìparí 2016 láti máa rà á.

Ibi tí oúnjẹ ilẹ̀ náà ń sùn sí

Kí á wá padà sí ìsọ̀ ẹlẹ́wà. Ẹ̀wà jẹ́ ohun ọ̀gbìn tó mọ ọgbọ́n. Kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò rí ń gbé, àwọn náà ló sì ń fa náítírójìn fún un láti inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí fọ́sífọ́rọ́sì nínú afẹ́fẹ́. Gbogbo èyí tó wà nínú ẹ̀wà, inú ilẹ̀ ni ó ti fà á.

Àpò ẹ̀wà kan tó wọn kílógírámù 100 gbé nǹkan bíi gírámù 400 fọ́sífọ́rọ́sì dání. Ọ̀nà ìdérí ìgò tí wọ́n ń lò ní Niger yẹn, tí ènìyàn bá ka ihò bíi 10,000 sí hẹ́kítà kan, ń lo nǹkan bíi kílógírámù 4 fún gbogbo hẹ́kítà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àpò mẹ́wàá péré tí wọ́n já sílẹ̀ ní Ikotun ti kó oúnjẹ ọdún kan fún hẹ́kítà oko kan kúrò ní Òkè Ọya.

Ènìyàn 1,277,714 ni ìkànìyàn 2006 kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho, wọ́n sì ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ ní Egbeda àti Igando mọ̀ pé oko ni ilẹ̀ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ilé gba gbogbo rẹ̀. Nígbà náà, èèpo iṣu àti eérú ìdáná ń padà sí ẹ̀yìnkùlé. Lónìí, ẹ̀wà tí Alimosho bá jẹ, sokawéè ni púpọ̀ nínú fọ́sífọ́rọ́sì rẹ̀ ń sùn sí. Èèpo rẹ̀ àti èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò ń bá ọkọ̀ ìdọ̀tí lọ sí àkìtàn ńlá Solous ní Igando. Níbẹ̀, ó ti dàpọ̀ mọ́ ọ̀rá, ìgò fífọ́ àti bátìrì, débi pé kò sí àgbẹ̀ tó lórí pípé tí yóò bù ú sí oko.

Àtúnṣe ìyẹn kò ju pé kí wọ́n ya ohun jíjẹrà sọ́tọ̀ láti ilé àti láti ọjà, kí ó tó bá ọ̀rá pàdé. Ọjà bíi Ikotun ni ó yẹ kó rọrùn jù láti ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ewé, èèpo àti ẹ̀fọ́ tó bàjẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní ìtòsí yóò rà á bó bá mọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ra ìgbẹ́ adìẹ. Yóò nira ju bẹ́ẹ̀ lọ láti dá a padà sí Yobe tàbí Katsina. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó ẹ̀wà wọ Èkó ń kó ọjà padà lọ sí Òkè Ọya, wọ́n ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, aṣọ, kóńkéré àti ẹ̀rọ. Ìdérí ìgò ọtí náà yóò dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Ohun tí yóò bù sínú rẹ̀ ni kò tíì sí nínú ẹrù.